Sípíkà Ẹ̀yìn Tí Kò Sọ̀rọ̀: Ohun Tí Bọ́tìnì Surround Ń Ṣe Gan-an

Ẹ ra home theatre tuntun. Sípíkà márùn-ún, wúfà kan, wáyà tó gùn bí okùn kànga. Ẹ gbé méjì sẹ́yìn àga, ẹ tan fíìmù, ẹ jókòó. Iwájú ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn pa rọ́rọ́. Ẹ dìde, ẹ fi etí lé sípíkà ẹ̀yìn: kò sí nǹkan kan. Ẹnì kan nínú ilé á ní, "Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì nìyẹn." Ẹlòmíràn á gba rìmóòtù, á máa tẹ bọ́tìnì Surround títí gbogbo sípíkà á fi máa pariwo, á wá ní òun ti tún un ṣe.

Kò tún nǹkan kan ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, sípíkà ẹ̀yìn yẹn kò bàjẹ́ rárá. Kò sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú fíìmù náà ni. Kí ẹ tó gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ tó lọ sanwó fún àìsàn tí kò sí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àwọn orúkọ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ yẹn ń sọ: Dolby Digital, PLII, Multi Ch Stereo, Hall, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni channel. Channel kan jẹ́ ohùn kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí wọ́n fẹ́ kó jáde láti ibì kan pàtó. Orin tó wà lórí fóònù yín, méjì ló sábà máa ń ní, òsì àti ọ̀tún. Ìyẹn ni stereo. Fíìmù tí wọ́n bá ṣe ní 5.1 ní mẹ́fà: òsì, àárín àti ọ̀tún níwájú, òsì àti ọ̀tún lẹ́yìn, àti ẹyọ kan fún ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń mi àyà. Ohùn ìsàlẹ̀ yìí kì í kọjá nǹkan bí 120 Hz, bẹ́ẹ̀ àwọn márùn-ún yòókù lè dé 20,000 Hz. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kà á sí odidi, ".1" ni wọ́n fún un.

Bí fíìmù bá wá pẹ̀lú mẹ́fà lóòótọ́, iṣẹ́ rìsífà (àpótí tí gbogbo wáyà ń wọ̀) kò ju kó tú ẹrù lọ. Dolby Digital ni orúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń di ẹrù yìí. Batman Returns ti 1992 ló kọ́kọ́ gbé e dé sinimá. DTS jẹ́ òmíràn, Jurassic Park ló gbé e wá ní 1993. Rìsífà á tú u, á fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: àpò ni Dolby Digital. Ẹ lè di ìrẹsì kọ́ńgò mẹ́fà sínú àpò, ẹ sì lè di kọ́ńgò méjì péré sínú irú àpò kan náà. Tí iná Dolby Digital bá tàn lójú ẹ̀rọ, kò túmọ̀ sí pé channel mẹ́fà ń bọ̀. Ó lè jẹ́ méjì. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: kí ni rìsífà ń ṣe nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ló dé ọwọ́ rẹ̀, tí sípíkà márùn-ún sì ń wò ó lójú?

Ní àwọn ọdún 1970, ìṣòro yìí gan-an ló wà níwájú ilé iṣẹ́ Dolby. Wọ́n fẹ́ ohùn mẹ́rin fún sinimá: òsì, àárín, ọ̀tún àti ẹ̀yìn. Àyè ohùn méjì péré ló sì wà lára fíìmù. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni wọ́n pè ní Dolby Stereo, Star Wars ti 1977 sì wà lára àwọn fíìmù tó jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ni gbogbo ọgbọ́n náà, irú èyí tí a ṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìgbì ni ohùn, afẹ́fẹ́ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà pe agbára rẹ̀. Ohùn òṣèré tó yẹ kó jáde láàárín, wọ́n á fi sí òsì àti ọ̀tún bákan náà: 4 lósì, 4 lọ́tùn-ún. Òjò tó yẹ kó máa rọ̀ lẹ́yìn yín, wọ́n á fi sí méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n á yí ọ̀kan padà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìgbì òsì ń lọ síwájú, ti ọ̀tún ń bọ̀ sẹ́yìn: 3 lósì, −3 lọ́tùn-ún.

Rìsífà á ro òsì àti ọ̀tún pọ̀ fún sípíkà àárín. Òṣèré: 4 àti 4, ó di 8. Òjò: 3 àti −3, òfo. Ó tún yọ ọ̀tún kúrò lára òsì fún sípíkà ẹ̀yìn. Òṣèré: 4 yọ 4, òfo. Òjò: 3 yọ −3, ó di 6. Ọ̀rọ̀ dúró sí àárín, òjò bọ́ sẹ́yìn, kò sì sí channel kankan tí wọ́n fi kún un. (Mo mú ìṣirò náà rọrùn. Ẹ̀rọ gangan tún máa ń wo ibi tí ohùn ti lágbára jù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kó tó pín in. Ìyọkúrò yìí kan náà sì ni àwọn kan ń lò láti yọ ohùn olórin kúrò nínú orin fún karaoke.)

Pro Logic ni orúkọ tí ọgbọ́n yìí fi wọ ilé wa ní 1987, pẹ̀lú ẹ̀yìn oníchannel kan tí kì í kọjá 7,000 Hz. Ní 2000, Pro Logic II, tí Jim Fosgate ṣe, sọ ẹ̀yìn di méjì, ó sì jẹ́ kí ohùn ibẹ̀ mọ́ dáadáa. Òun ni "PLII" tí ẹ ń rí. Lórí àwọn rìsífà tuntun, Dolby Surround àti DTS Neural:X ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ wá fi fíìmù Yorùbá àtijọ́ kan sínú rẹ̀, èyí tó wà lórí VCD. VCD kò lè gbé ju channel méjì lọ. Tó bá tún jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n kọ sí òsì àti ọ̀tún ńkọ́? 4 yọ 4, òfo. Sípíkà ẹ̀yìn gba òfo, ó sì sọ òfo. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́! Bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí pẹ̀lú fíìmù tí ẹ wò lórí YouTube.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà náà wà láàyè, ẹ wá Test Tone nínú menu tàbí lórí rìmóòtù. Ariwo kan bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ á máa lọ láti orí sípíkà kan dé èkejì. Tó bá dún lẹ́yìn, sípíkà yín kò ní àìsàn.

Kí wá ni ẹni tó tẹ bọ́tìnì títí ilé fi gbóná ṣe? Multi Ch Stereo ló bá pàdé. Èyí kì í ro nǹkan, kì í sì í yọ nǹkan: ohun tó wà lósì, gbogbo sípíkà òsì gbà á, iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ ìbí, ó dára gan-an, torí gbogbo igun pálọ̀ á gbọ́ orin. Fún fíìmù, ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú, etí wa ló sì fà á. Ohùn tó bá kọ́kọ́ dé ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Helmut Haas ṣe ìwádìí lórí èyí ní Jámánì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1951. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní sípíkà iwájú jìnnà sí yín ní mítà 3.4, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1. Ti ẹ̀yìn á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú. Ó kéré lójú yín, àbí? Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín etí ọ̀tún àti etí òsì fún ohùn tó wá láti ẹ̀gbẹ́ kò tó ìdá kan nínú 1,000, ọpọlọ sì ń fi ìyẹn mọ ọ̀nà. Nítorí náà, òṣèré ń la ẹnu lójú tẹlifíṣàn, ohùn rẹ̀ ń jáde lẹ́yìn orí yín.

Ìdí nìyẹn tí menu fi máa ń béèrè Distance. Ẹ má fò ó. Ẹ fi téèpù wọn ibi tí ẹ ń jókòó sí sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí rìsífà lè dá èyí tó súnmọ́ yín dúró díẹ̀.

Hall, Jazz, Stadium àti ẹbí wọn, àfikún ni wọ́n. Yamaha gbé DSP-1 jáde ní 1986, ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọ̀ngàn kún orin inú yàrá. Ó wuni fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tèmi o, mi ò ní fi wo fíìmù láéláé: ta ló fẹ́ kí ìyá àgbà máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná bí ẹni pé pápá ìṣeré ló wà?

Night mode ni àwọn èèyàn ò kà sí, òun ló sì wúlò fún wa jù. Ó ń fa ohùn tó lọ sókè jù wálẹ̀, ó ń gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè. Orúkọ rẹ̀ ní òru, ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ máa fi rìmóòtù lé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kiri.

Tí mo bá fẹ́ wo fíìmù oníchannel méjì, PLII Movie tàbí Dolby Surround ni mo máa yàn, kí ọ̀rọ̀ lè dúró ní àárín. Fún orin, Stereo tàbí Direct. Tí fíìmù bá wá pẹ̀lú mẹ́fà lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó jáde bó ṣe wà.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ mọ̀ dájú pé fíìmù yín ní 5.1, tí ẹ̀yìn ṣì ń ṣe bí odi, ẹ wo wáyà. Wáyà pupa àti funfun, ohùn méjì péré ló lè gbé. Wáyà optical lè gbé mẹ́fà tí wọ́n bá dì í ní Dolby Digital tàbí DTS, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi tẹlifíṣàn sí PCM, méjì ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wọ Settings tẹlifíṣàn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Digital Audio Output sí, ẹ yí i kúrò ní PCM sí Bitstream tàbí Auto, kí ẹ tó wo ojú rìsífà lẹ́ẹ̀kan sí i.