Ogún Ìṣẹ́jú Kò Tó Láti Fi Dá Ẹjọ́ Wárápá

Bí ọmọ kan bá ṣubú lulẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, tí itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀, a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe: wọn yóò sá sẹ́yìn. Wọ́n ní itọ́ náà ń ràn. Irọ́ pátápátá ni. Wárápá kì í ran ẹnikẹ́ni. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Ẹ sún mọ́ ọmọ náà, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ lónìí ni ti àyẹ̀wò rẹ̀. Ká ní ìyá ọmọ yìí gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907. Dókítà lè ní kí wọ́n ka ìgbì ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ń pè ní EEG. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ka ti ènìyàn ní 1924. Wọn a lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ a sì fi ìlà kọ iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀. Kì í dunni rárá.

Àyẹ̀wò náà kì í sábà ju ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí ènìyàn bá dúró ní ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ fún ogún ìṣẹ́jú láti wo ọkọ̀ kan, tí kò sì rí i, ṣé yóò ní ọkọ̀ náà kì í gba ibẹ̀ kọjá? Bẹ́ẹ̀ ni ti ọpọlọ: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àmì wárápá ń jáde. Ní 1987, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú 100 àwọn tí àmì náà lè hàn lára wọn, 50 ni a rí i ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n di 92. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè ní kí ọmọ má sùn tó lóru, kí ó lè sùn lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí pé oorun a máa mú àmì jáde. Ó sì lè fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tọ̀sán-tòru.

Ẹ kíyè sí i: ìwé tí kò ní àbùkù kò fi hàn pé wárápá kò sí. Ìwé tí ó ní àmì nìkan kò sì tó ẹ̀rí, nítorí a máa rí i lára àwọn díẹ̀ tí ara wọn le. Ẹ̀rí tí ó tóbi jù ni ti ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ṣubú. Apá wo ni ó kọ́kọ́ gbọ̀n? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó pẹ́ tó? Bí fóònù bá wà lọ́wọ́, ẹ fi ya fídíò rẹ̀ fún dókítà.

Ewu tí a ń bẹ̀rù ni èyí: ìyá rí ìwé tí kò ní àbùkù, àwọn ẹbí ní, "Kì í ṣe àìsàn ilé-ìwòsàn," wọ́n sì da oògùn nù. Bí a bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, gìrì lè máa tẹ̀lé gìrì títí tí yóò fi gba ẹ̀mí.

Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ní Igbó-Ọrà, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹni 5 ó lé díẹ̀ nínú 1,000, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1987. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ó tó 70 nínú 100 tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá ń lo oògùn tí ó yẹ.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ogún ìṣẹ́jú dá ẹjọ́ ọmọ yín. Ẹ padà lọ bá dókítà.