Ube tó tanná tí kò so

Bí àgbàdo tuntun bá ti dé nílẹ̀ Ìgbò, ube ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ (kì í ṣe píà òyìnbó o). Wọn á rì í sómi gbígbóná tàbí eérú gbígbóná, á sì rọ̀ bíi bọ́tà. Èyí tó gbó máa ń dúdú bí aró.

Ṣùgbọ́n igi ube ní akọ, ó ní abo. Ẹni tó gbin kóró lè dúró ọdún 5 sí 7, kí igi tanná rẹpẹtẹ, kí gbogbo òdòdó sì rẹ̀ dànù. Akọ ni. Nígbà tó ṣì kéré, ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ àti ọdún tó bá a lọ! Síbẹ̀, ẹ má gé gbogbo akọ. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn ni oyin ń gbé lọ sára abo kó tó so dáadáa.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ wá abo tí èso rẹ̀ tóbi, tó sì dùn. Lára ẹ̀ka tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀, ẹ bó èèpo yíká, ní ìwọ̀n ìka 2 sí 3. Ẹ fi èérún pákó jíjẹrà tó tutù bò ó, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ so ó lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí gbòǹgbò bá yọ, ẹ gé e nísàlẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ibòji kó tó dé oko. Abo ni yóò jẹ́ bí ìyá rẹ̀, ó sì lè so láàárín ọdún 2 sí 4.

Bó bá jẹ́ kóró nìkan lẹ ní, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ tètè gbìn ín ní tútù, torí kì í pẹ́ kú.