Ìwúkàrà Inú Ẹmu Di Ẹlẹ́rìí ní Láàbù

Bí adẹ́mu bá gbé agbè sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní ìdájí, dídùn ni ẹmu náà máa ń dùn. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ti ń ru. Tó bá fi máa di alẹ́, ó ti kan, ó sì ti le débi tí ọtí inú rẹ̀ ń pa ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò sì bu nǹkan kan sí i. Ohun alààyè kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tó wà lára agbè àti nínú afẹ́fẹ́, ló wọ inú rẹ̀, tó ń jẹ ṣúgà ibẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ìwúkàrà ni. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ nínú ẹmu, ṣùgbọ́n èyí tó sábà máa ń gba iwájú ni Saccharomyces cerevisiae, òun náà sì ni yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà lọ́jà.

Yíìsì yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wádìí ọ̀rọ̀ kan tó ta kókó: nínú ara ohun alààyè, purotéènì wo ló ń bá purotéènì wo ṣe pọ̀? Purotéènì tí mò ń wí kò mọ sí ti ẹ̀wà àti ẹyin inú àwo. Òun ló ń gbé ọ́ksíjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń da oúnjẹ nínú, òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó àkókò láti pín sí méjì. Jíìnì tí ara ènìyàn fi ń ṣe purotéènì tó nǹkan bí 20,000, ó sì ṣọ̀wọ́n kí purotéènì kan dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó mọ orúkọ ọ̀kan, tí kò mọ àwọn tí ń bá a rìn, kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwa tí a mọ ìrora àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló yẹ kí èyí tètè yé. Hemogilóbíìnì ni purotéènì tó ń gbé ọ́ksíjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Lára 146 èròjà tó tò tẹ̀léra lórí okùn bẹ́tà rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú hemogilóbíìnì S. Vernon Ingram ló fi èyí hàn ní Cambridge ní 1956 sí 1957. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti tó. Bí hemogilóbíìnì S bá ti já ọ́ksíjìn sílẹ̀, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, èkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di okùn gígùn tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kọdọrọ, tí kò fi ní lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Àwọn purotéènì tí kò yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ló lẹ̀ mọ́ra. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ máa ké eegun-ún-dùn-mí lóru.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé purotéènì méjì di ara wọn mú, nígbà tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀? Ní 1989, Stanley Fields àti Ok-kyu Song, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Stony Brook, tẹ ọ̀nà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Purotéènì kan wà nínú yíìsì tó ń jẹ́ Gal4, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn jíìnì kan. Apá méjì ló ní: apá kan ń di DNA mú, apá kejì ń jí jíìnì, a sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ọlọ nìkan kò lè lọ ata, ọmọ ọlọ nìkan kò lè lọ̀ ọ́. Bí a bá gbé ọlọ fún ẹ̀gbọ́n, tí a gbé ọmọ ọlọ fún àbúrò, tí a sì jáde nílé, bí a bá dé tí a bá ata lílọ̀ nínú abọ́, a mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti pàdé, bí a kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Fields àti Song so ìdajì Gal4 mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ Snf1, wọ́n so ìdajì kejì mọ́ Snf4, wọ́n sì kó méjèèjì sínú yíìsì kan náà. Snf1 di Snf4 mú. Báyìí ni ìdajì Gal4 méjèèjì ṣe súnmọ́ra, tí jíìnì tí wọ́n fi ṣe àmì sì jí. Ara bakitéríà ni wọ́n ti mú jíìnì àmì náà, lacZ ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, tí a fún yíìsì ní èròjà kan tó ń jẹ́ X-gal, yíìsì á di búlúù. Bí wọn kò bá pàdé, funfun ni yóò wà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀nà yìí ni pé olùwádìí kò ní láti fa purotéènì kankan jáde. Yíìsì ló ń ṣe wọ́n, yíìsì ló ń dán wọn wò, yíìsì náà ló ń jẹ́rìí. Ènìyàn lè fi purotéènì kan ṣe ìdẹ, kó sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kì í pé. Ní ọdún 2000, Peter Uetz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìsopọ̀ 957 láàárín àwọn purotéènì yíìsì. Ní 2001, Takashi Ito àti àwọn tirẹ̀ ní Japan kéde 4,549. Yíìsì kan náà, jíìnì bí 6,000 kan náà, síbẹ̀ díẹ̀ péré ló bára mu nínú àbájáde méjèèjì. Kí ló fà á? Purotéènì mìíràn wà tó lè dá jíìnì àmì jí láìpàdé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń gbé ní apá ibi tó jìnnà síra nínú sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í ríra láyé. Láàbù ló kó wọn pọ̀ tipátipá. Àwọn tó sì ń gbé lára awọ sẹ́ẹ̀lì kì í lè dé ibi tí DNA wà rárá, nítorí náà ọ̀nà yìí kò lè rí wọn.

Ọ̀nà kejì ni láti mú ọ̀kan, kí a wo ẹni tó bá a jáde. Wọn á fọ́ sẹ́ẹ̀lì sínú omi tútù tó ní iyọ̀ àti ọṣẹ tí kò le, kí inú rẹ̀ lè tú láìtú àwọn tó di ara wọn mú. Wọn á fi àǹtíbọ́dì sí i, ìyẹn èròjà tí ara fi ń mú àjèjì. Èyí tó ń mú purotéènì kan pàtó ni wọ́n máa ń yàn. Wọn á so ó mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní, wọn á fi omi ṣàn án léraléra, wọn á sì wo ohun tó kù. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí purotéènì kan tó ń jẹ́ p53 ní 1979. David Lane àti Lionel Crawford ní London, pẹ̀lú Daniel Linzer àti Arnold Levine ní Princeton, ń lépa purotéènì kan tí SV40, fáírọ́ọ̀sì ara ọ̀bọ, fi ń sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ. Purotéènì mìíràn tí wọn kò wá ń bá a jáde: p53 nìyẹn. Fún bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n rò pé òun náà ń fa jẹjẹrẹ ni, kí wọ́n tó rí i pé òun gan-an ló ń dènà rẹ̀, àti pé fáírọ́ọ̀sì dì í mú láti sọ ọ́ di aláìlágbára ni. p53 ti bàjẹ́ nínú nǹkan bí ìdajì àrùn jẹjẹrẹ tó ń ṣe ènìyàn.

Ọ̀nà yìí náà ní àbùkù tirẹ̀: ẹni tí kò dì mọ́ èkejì pẹ́ lè bọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàn án. Ìyẹn ló bí BioID ní 2012, tó ń fi àmì bíótìn sára gbogbo purotéènì tó bá súnmọ́ ìdẹ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kì í ṣe ọ̀rẹ́ dandan.

Lójú tèmi, kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀rí rẹ̀ nìkan tó dá ẹjọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí tó lo yíìsì kéde nǹkan bí 53,000 ìsopọ̀ láàárín purotéènì ara ènìyàn ní 2020, ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ ni pé wọ́n fi ọ̀nà mìíràn yẹ iṣẹ́ wọn wò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò tàbí lórí WhatsApp pé oògùn kan ń ya purotéènì méjì tó ń fa àìsàn nípá, ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀ pé méjèèjì so pọ̀ tẹ́lẹ̀, àti bóyá ọ̀nà kejì jẹ́rìí sí i. Bí kò bá sí èkejì, ẹ má tíì náwó lé e.