Àwòrán Ìyá Nínú Ẹ̀gbà Ọrùn

Ohun tí wọ́n ń bi wá léèrè jù lọ láti ìpàdé oṣù tó kọjá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé ìwé. Ẹ̀gbà ọrùn tí ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa wọ̀ wá síbẹ̀ ni. Ohun tó rọ̀ mọ́ ọn kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, ó ń dán bí dígí, àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sì wà nínú rẹ̀. Àwa la ṣe é, lórí tábìlì ilé tí a jọ ń gbé. A ó sọ bí a ṣe ṣe é, a kò sì ní fi èyí tí a bàjẹ́ pamọ́.

Rẹ́sìn ni wọ́n ń pe ohun tí a lò. Kì í ṣe oje igi o, kẹ́míkà ni. Omi méjì ni wọ́n ń tà pọ̀: ọ̀kan ni rẹ́sìn fúnra rẹ̀, èkejì ni èyí tí ń mú un le. Ìgbà tí a bá pò wọ́n pọ̀ ni wọ́n tó ń gan. Iye tí ẹ ó wọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára ìgò. Òmíràn ọgbọọgba ni, òmíràn méjì sí ọ̀kan. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n bí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹnìkan fojú wọ̀n ọ́n nínú wa, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin. Ó wà nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́tò ló dùn wá jù. Nígbà tí ìyá arábìnrin wa yìí kú lọ́dún tó kọjá, ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, kò lè lọ sí ìsìnkú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní lọ́dọ̀, èyí tí wọ́n yà ní Ìbàdàn, ìyá náà wé gèlè aláwọ̀ búlúù. Ó ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ láti gé orí rẹ̀ jáde kí ẹnìkan tó ní ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A fi fóònù yà á, a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé tẹ̀ ẹ́, a gé e, a da rẹ́sìn lé e. Kò pẹ́ tí íńkì fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Búlúù gèlè wọ inú ojú, ojú sì dàrú. Arábìnrin wa dìde, ó jáde, kò sọ nǹkan kan. Rẹ́sìn tó bá ti le kò ṣe é tú mọ́. Bó bá ṣe pé fọ́tò gan-an la gé ńkọ́?

Ẹ̀dà kejì la ṣe dáadáa. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọdé ń lò nílé ìwé la fi kùn ún níwájú àti lẹ́yìn, a jẹ́ kó gbẹ, a tún un kùn, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má gbàgbé etí bébà níbi tí àlùmọ́gàjí gbà. Ibẹ̀ gan-an ni rẹ́sìn ń gbà wọlé. A wá tẹ́ ẹ sínú abọ́ irin kékeré tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí. Ẹ rọra pò ó, nítorí pé bí ẹ bá ń rò ó bí ẹní ro àmàlà, afẹ́fẹ́ yóò kó sínú rẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ fi igi ìtayín bẹ́ ẹ. Òtútù ìlú yìí ń mú kí rẹ́sìn ki. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ná, kí omi má kàn án nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abọ́ bò ó nítorí eruku, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé bí òtútù tilẹ̀ ń mú, ẹ má sì fi ife tí ẹ fi ń mu tíì pò ó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti bínú sí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní yéé bínú sí i mọ́. Oòrùn náà sì ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú bó bá pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan sọ ní ìpàdé pé òun kò gbọ́ ọ rí pé a ń gbé òkú kọ́ ọrùn. A rán an létí ohun tí ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nínú ìwé African Arts ní ọdún 1978. Ó rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé fọ́tò ni àwọn kan ń lò dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà á, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, àwọn méjèèjì á wá jókòó pọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò dá wa lóhùn. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló mú fọ́tò bàbá rẹ̀ wá.

Rẹ́sìn ṣì kù díẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀dà ni o, ẹ fi fọ́tò gan-an sílẹ̀ sílé. A ti gbé àlùmọ́gàjí pamọ́ títí tí a ó fi rí ẹ̀dà lọ́wọ́ yín.