Ṣé Ọ̀lẹ Ló Ń Fi Etí Kàwé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo pe ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan náà ní olódo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Ohun tó fà á nìyí: tá a bá jọ jókòó ti ìwé ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó tó di aago mẹ́wàá, èmi á ti ka ogún ojú ìwé, òun á ṣì wà lórí ìkẹrin. Á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí àríyànjiyàn ìṣèlú bá bẹ̀rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kó mókè.

Ní ìparí ọdún yẹn, carry-over mẹ́ta ló ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sílé lọ kọ́ṣẹ́.

Ohun tó dá a dúró ò ju fóònù lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, gba handout kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọ̀rẹ́ mi á fi earpiece sétí, á la handout náà síwájú, á wá máa fi ojú tẹ̀ lé ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, ó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tèmi ń bọ̀ níwájú, ẹ ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí n máa wádìí nípa ìwé àfetígbọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí audiobook: ìwé tí ẹnì kan kà sínú ẹ̀rọ kí ẹlòmíì lè gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìwé kíkà

Ní ọdún 1986, onímọ̀ méjì, Philip Gough àti William Tunmer, ṣàlàyé pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú kéèyàn kàwé kó yé e. Àkọ́kọ́ ni kó lè sọ lẹ́tà tó wà lórí ìwé di ọ̀rọ̀. Ìkejì ni kó lóye èdè náà, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ sí i létí. Wọn ò ní ká ro méjèèjì pọ̀ o. Wọ́n ní ńṣe ni ọ̀kan ń sọ èkejì di púpọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé iye yòówù kó jẹ́, tá a bá ti fi òdo sọ ọ́ di púpọ̀, òdo ló máa jẹ́. Bí òye èèyàn mú bí abẹ, tí lẹ́tà ò bá ti tètè di ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, díẹ̀ ló máa rí mú nínú ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi wà gan-an nìyẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n bí ìṣòro yìí mọ́ wọn ni, dyslexia ni wọ́n ń pè é, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kéèyàn gọ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ ọ̀rẹ́ mi wò fún un rí. Olódo nìkan la mọ̀ ọ́n pè.

Ìwé àfetígbọ́ máa ń gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kúrò lọ́rùn èèyàn, kó lè ráyè ṣe ìkejì. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn tí ojú ò jẹ́ kí wọ́n kàwé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní ọdún 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé tí wọ́n kà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àwọn afọ́jú ní Bìrìtéènì, tó fi mọ́ àwọn sójà tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwé Agatha Christie kan wà lára àwọn àkọ́kọ́.

Ṣé ibì kan náà ni etí àti ojú ń gbé e lọ?

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní kí èèyàn mẹ́sàn-án gbọ́ ìtàn, kí wọ́n sì tún ka ìtàn kan náà, bí ẹ̀rọ MRI ṣe ń ya àwòrán iṣẹ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣe. Ọdún 2019 ni èsì rẹ̀ jáde: àwọn apá ọpọlọ tó ń mójú tó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń ṣe ohun kan náà, ì báà jẹ́ etí ni ọ̀rọ̀ gbà wọlé tàbí ojú.

Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2016, Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àgbàlagbà 91 sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gbọ́ apá kan nínú ìwé kan, àwọn kan kà á, àwọn yòókù ń kà á bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Wọ́n dán wọn wò lójú ẹsẹ̀, wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn wọ̀nyí ti gboyè jáde ní yunifásítì, lẹ́tà kì í dí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí fífi etí kún ojú ò fi fi nǹkan kan kún tiwọn. Ẹni tí lẹ́tà ń dí lọ́wọ́ ni ohùn máa ń ṣí ọ̀nà fún.

Ohun tójú mi rí

Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ń yege, èmi náà ní kí n jẹ nínú oúnjẹ náà. Mo ka handout statistics wa sínú fóònù. Mo ń gbọ́ ọ tí mo bá ń fọṣọ, mo ń gbọ́ ọ tí mo bá tò sí ìdí omi, mo ń gbọ́ ọ nínú dánfó. Mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí tẹ́ẹ̀sì dé, mo gba 9 nínú 30.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ o. Ní ọdún 2010, David Daniel àti William Woody fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àpilẹ̀kọ láti kà, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohùn tó sọ ohun kan náà pé kí wọ́n lọ gbọ́ ọ. Nígbà ìdánwò, máàkì àwọn tó gbọ́ ọ kéré gan-an sí ti àwọn tó kà á. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Kánádà ní ọdún 2013 fi kíkàwé sókè, kíkàwé sínú àti gbígbọ́ wéra. Àwọn tó ń gbọ́ ni ọkàn wọn ń rìn gbéregbère jù. Àwọn tó ń kà á sókè ni ọkàn wọn dúró sójú kan jù.

Ó yé mi. Ojú lè dúró lórí gbólóhùn tó le, ó lè padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìjẹ́ pé a mọ̀. Ohùn ní tiẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ká tó rántí pé a ò gbọ́ mọ́, ó ti lọ ojú ìwé méjì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ta ló ń fi etí wo tábìlì oníṣirò? Ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ statistics yẹn rárá. Ó ní, “Èyí ò ṣeé gbọ́ jàre, bírò ló ń fẹ́.” Ó jókòó tì í, ó yege. Olódo tí mo pè é rèé o!

Bí mo ṣe ń lò ó báyìí

Ìtàn, lítíréṣọ̀, ìṣèlú, ohunkóhun tó bá dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, mo lè fi etí gbà á. Tí ìṣirò tàbí àwòrán bá ti wà níbẹ̀, ojú àti bírò ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá máa gbọ́ orí kan, mo máa ń jókòó, ìwé á wà níwájú mi. Ìgbà kejì ni mo lè máa fọ abọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń dá a dúró kí n kọ ohun tí mo rántí láìwo ìwé. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó dán ara rẹ̀ wò máa ń rántí ju ẹni tó kàn ń tún un kà lọ. Ẹ má sì fojú kéré ohùn ara yín. Ní ọdún 2018, Noah Forrin àti Colin MacLeod rí i pé àwọn èèyàn rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ nínú ohùn ara wọn ju èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì lọ, kíkà á sókè fúnra wọn ló sì borí gbogbo rẹ̀.

Ní ti dátà, ọkàn yín balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ohùn pa mọ́ ní MP3 tó jẹ́ 64 kbps, wákàtí kan ò ju nǹkan bí 29 MB lọ. LibriVox, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, sì ń fún gbogbo ayé ní ìwé àtijọ́ tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ jáde ni. Ọjọ́ tá a ṣe ìdánwò ìkẹyìn ni mo tó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọdún kejì. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Tí ẹnì kan bá wà ní yàrá yín tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ gba handout rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ ka ojú ìwé márùn-ún sínú fóònù fún un. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ìyẹn sàn ju ohun tí èmi sọ lọ.