Àrọ̀ Ọlọ́mọ Àdàpọ̀ àti Iye Kúrómósóòmù

Ẹni tí ó bá ń gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ àrọ̀ ààyè tí oníbàárà ń fi ìka tọ́ka sí kí a tó pa á. Adágún ọ̀sìn ni púpọ̀ nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti ń wá lóde òní, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ àdàpọ̀ ìran méjì. Ọ̀kan ni Clarias gariepinus, àrọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Èkejì ni Heterobranchus longifilis, ìbátan rẹ̀. Heteroclarias ni àwọn ọlọ́sìn ń pe ọmọ wọn.

Kúrómósóòmù ni fọ́nrán tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ru àbùdá àjogúnbá. Clarias ní 56, Heterobranchus ní 52. Ẹyin mú 28 wá, àtọ̀ mú 26 wá. Ọmọ di ẹlẹ́ni 54. Irú ìṣirò yìí ni ó sọ ìbaaka di àgàn: ẹṣin ní 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62, ìbaaka ní 63, kò sì sí bí wọn ṣe lè so pọ̀ ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ní ti ẹja, a kò lè gbọ́kàn lé e pé gbogbo ọmọ àdàpọ̀ ni yóò yàgàn.

Àwọn ìran mìíràn jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ wọn fi ń kú sínú ẹyin. Ní 1983, Scheerer àti Thorgaard fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí irú ọmọ àdàpọ̀ ẹja tráòtì bẹ́ẹ̀ bá gba ìpín kúrómósóòmù kẹta, púpọ̀ sí i ni yóò yè.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Nígbà tí àtọ̀ wọ inú ẹyin ẹja, ẹyin náà kò tí ì ta ìpín kan tí ó yẹ kí ó jù sóde nù. Bí òtútù bá dá a dúró, ìpín náà kò ní jáde mọ́. Ní ti àrọ̀, a máa ń ri ẹyin sínú omi tí ó tutù tó ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní bí ìṣẹ́jú 3 lẹ́yìn ìsọdọmọ, fún ìṣẹ́jú 40. Bí ìyá bá jẹ́ Clarias, ọmọ yóò ní 28, 28 àti 26, èyí tí í ṣe 82.

Heteroclarias ń yè láìsí èyí. Kí ni a wá ń wá? Odò wa ni. Omíyalé a máa gbé ẹja adágún lọ sínú odò. Bí ọmọ àdàpọ̀ bá bá àrọ̀ ibẹ̀ bímọ, ìran àbáláyé lè dàrú. Ìpín mẹ́ta kì í so pọ̀ ní méjì-méjì, nítorí náà ẹja bẹ́ẹ̀ kì í sábà bímọ. Síbẹ̀, òtútù kì í mú gbogbo ẹyin. Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlẹ́ni mẹ́ta máa ń tóbi ju ti ẹlẹ́ni méjì lọ. Ẹni tí kò bá wò ó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹja òun kò lè ba odò jẹ́.