Ère Màríà tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n jí gbé lẹ́ẹ̀mejì

Ère mábù funfun kan wà nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Wa ní ìlú Bruges, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Michelangelo ló gbẹ́ ẹ nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Màríà jókòó, Jésù ọmọ rẹ̀ dúró sáàárín orúnkún rẹ̀. Ọmọ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, bíi pé ó fẹ́ máa rìn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kò wo ọmọ, kò sì wo ẹni tó wá kí i. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, bí ojú ẹni tó ti mọ ohun tó ń bọ̀ lórí ọmọ tó bí. Gíga ère náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 128 lọ. Ó ṣeé gbé, àwọn tó gbé e sì pọ̀.

Kì í ṣe póòpù tàbí ọba ló rà á. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Bruges, ìdílé Mouscron, tí òwò wọn dé Ítálì, ló san owó rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún dúkáàtì wúrà ni, àkọsílẹ̀ owó náà sì wà nínú ìwé báńkì ìdílé Balducci ní Róòmù, ní 1503 àti 1504. Àṣírí ni Michelangelo fi iṣẹ́ náà ṣe. Ní January 1506 ó kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Róòmù pé kí wọ́n gbé Màríà onímábù náà lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣètò láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Bruges. Àṣírí yẹn mú débi pé Vasari àti Condivi, tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, sọ pé idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Bruges ní 1521, síbẹ̀ alabásítà lòun pè é.

Ní 1514, Jan Mouscron fi ère náà ta ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́rẹ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ín ti parí. Ẹni tó ni nǹkan fi tinútinú gbé e sílé Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tó tún san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìrìn tó rìn lẹ́yìn náà, tipátipá ni.

Àwọn ọmọ ogun Faransé ló kọ́kọ́ gbé e, ní 1794, nígbà tí ìjọba tuntun tó lé ọba lọ ní Paris gba ilẹ̀ tí Bruges wà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ní 1815 ló tó rí ọ̀nà ilé.

Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ September 1944, ogun ti ń yíwọ́ fún Jámánì. Àwọn ọ̀gá ológun wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà lóru, wọ́n ní àwọn wá gba ère náà là kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì wé e, wọ́n gbé e sínú lọ́rì tó ní àmì Red Cross lára. Àmì yẹn ló ń bí mi nínú jù: ohun tí wọ́n ṣe fún ìgbàlà ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi bo olè mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn náà, ní September 12, àwọn ọmọ ogun Kánádà wọ Bruges.

Ihò ìwakùsà iyọ̀ ní Altaussee, láàárín àwọn òkè Austria, ni wọ́n gbé e lọ. Bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú kò lè dé ibẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í sì í yí padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà tí Hitler àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó káàkiri Yúróòpù ló wà níbẹ̀. Ní April 1945, August Eigruber, gómìnà ẹgbẹ́ Nazi ní agbègbè náà, kó àpótí mẹ́jọ ránṣẹ́ sínú ihò náà. Wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára pé mábù ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kó ṣubú. Bọ́ǹbù oníkílò 500 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mábù gidi sì wà nínú ihò kan náà. Àwọn awakùsà àti ọ̀gá wọn ló kó àpótí wọ̀nyí jáde, tí wọ́n sì wó ẹnu ihò náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí ni a kò mọ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an la bá máa dárúkọ tí a bá ń dúpẹ́.

Ní May, àwọn ará Amẹ́ríkà dé. Orí mátírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti bá Màríà. George Stout, amòye títún iṣẹ́ ọnà ṣe, ló bójú tó bí wọ́n ṣe fi ẹ̀wù onírun àgùntàn wé e, tí wọ́n so ó lókùn, tí wọ́n sì gbé e jáde ní July. Kí ọdún náà tó parí, ó ti padà sí Bruges.

Ní 1972, ọkùnrin kan fi òòlù lu ère Pietà, iṣẹ́ Michelangelo mìíràn, ní Vatican. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi gíláàsì dáàbò bo ti Bruges, ẹni tó bá wá wò ó kò sì lè sún mọ́ ọn. Kò wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, torí ọmọ yẹn yẹ ní rírí nítòsí. Àmọ́ mi ò lè bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà wí.